Felix Bloch, ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu omi

Àwa ará Nangbéto, odò Mono là ń wò lójoojúmọ́. Láti 1987 ni barrage tó wà níbẹ̀ ti ń fún Togo àti Bénin ní iná. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú omi tí ojú lásán ò lè rí, Felix Bloch sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i. RMN làwọn ọmọ wa ní yunifásítì ń pe iṣẹ́ náà.

Zürich, ní Suisse, ni wọ́n ti bí i ní 1905. Júù ni. Leipzig ló ti kàwé lọ́dọ̀ Heisenberg, ó sì di dókítà ní 1928, ọmọ ọdún 22 péré! Nígbà tí Hitler gorí oyè ní 1933, ó fi Jámánì sílẹ̀. Ní 1934, ó ti dé Stanford ní Amẹ́ríkà. Ogun dé, wọ́n fi í sídìí iṣẹ́ rédà, ibẹ̀ ló ti mọ ìgbì rédíò dunjú.

Ní 1946, òun pẹ̀lú Hansen àti Packard gbé omi sáàárín magnẹ́ẹ̀tì ńlá. Proton inú hydrogène dà bí magnẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń yí bí òkòtó. Ìgbì rédíò tó bá yíyí rẹ̀ mu nìkan ló ń dá lóhùn. Omi dáhùn lóòótọ́. Purcell náà ti rí irú rẹ̀ nínú paraffine, ohun tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Àwọn méjèèjì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952.

Ibi tó dùn jù rèé. Agbára magnẹ́ẹ̀tì inú átọ́ọ̀mù ni Bloch ń wá. Ní 1950, Proctor àti Yu, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, rí i pé nitrogène inú iyọ̀ kan ń dáhùn lọ́nà méjì, nítorí àwọn tó yí i ká yàtọ̀. Ìdíwọ́ lèyí jẹ́ fẹ́ni tó ń wọn átọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ohun tí oníkẹ́mísírì ń wá gan-an nìyẹn. Ní 1951, wọ́n gbé éthanol wò, ọtí tó wà nínú sodabi wa. Ṣóńṣó mẹ́ta ló yọ: ọ̀kan kékeré, èkejì ìlọ́po méjì rẹ̀, ẹ̀kẹta ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ka hydrogène inú OH, CH2 àti CH3, ẹ ó rí i pé ó pé.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń dára sí i, ṣóńṣó wọ̀nyẹn ń pín. Hydrogène mélòó ló wà lára carbone tó tẹ̀ lé e? Ẹ fi ọ̀kan kún un. CH3 éthanol, ní nǹkan bí 1,2 ppm, pín sí mẹ́ta torí CH2 tó múlé tì í. CH2, ní nǹkan bí 3,7, pín sí mẹ́rin.

Ẹ má rò pé eré ìwé lásán ni o. Ní 2015, ògógóró tí méthanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú ò lè ya méthanol àti éthanol sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n CH3 méthanol ò ní carbone kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣóńṣó kan ṣoṣo tí kò pín ló máa ń yọ, ní nǹkan bí 3,4. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á rí i kíá.

Ní 1954, Bloch di olórí àkọ́kọ́ fún CERN ní Genève. Kò pẹ́ níbẹ̀, ó padà sí Stanford. Zürich náà ló kú sí ní oṣù Kẹsàn-án 1983, nígbà táwọn dókítà ti ń fi proton inú omi ara wa ya àwòrán, èyí tí à ń pè ní IRM.