Ibn Sina: Àáfà Tí Ó Ka Òkúta Bí Ẹni Ń Ka Wàláà

Ẹni ńlá tí a mú ìtàn rẹ̀ wá fún yín lóṣù yìí ni Abu Ali al-Husayn ọmọ Abdullah, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ibn Sina. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé oníṣègùn ni. Òtítọ́ ni. Ìwé ìṣègùn rẹ̀ tí ń jẹ́ al-Qanun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà ní ilẹ̀ Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà ní ilé-kéú. Ó wo òkúta orí òkè, ó sì bèèrè ohun tí ó gbé ìkarahun ẹran inú òkun dé ibẹ̀.

Ìbéèrè náà kàn yín. Púpọ̀ nínú yín ń kọ́ sáyẹ́ǹsì láàárọ̀, ẹ sì ń gbé wàláà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn kan sì ń kì yín nílọ̀ pé ọ̀kan yóò ba ìkejì jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó gbé méjèèjì pọ̀.

Ìgbà ọmọdé rẹ̀

Ọdún 980, tí í ṣe ọdún 370 lẹ́yìn Hijra, ni a bí i ní abúlé Afshana lẹ́bàá ìlú Bukhara, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Uzbekistan lónìí. Ará Balkh ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni. Sitara ni orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti há Àlùkùránì sórí. Ọ̀dọ̀ Ismail al-Zahid ni ó ti kọ́ ìmọ̀ fíkìhí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìṣirò àwọn ará Íńdíà, aláta ẹ̀fọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ni ó rán an lọ síbẹ̀, ojú kò sì tì í láti jókòó lẹ́sẹ̀ ẹni tí ń ta ewébẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ kò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Bí ìṣòro bá dojú kọ ọ́ nínú ìwé, mọ́ṣáláṣí ni ó ń gbà lọ. Yóò kírun, yóò sì tọrọ òye lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ka ìwé Aristotle kan ní ìgbà ogójì, kò yé e. Lọ́jọ́ kan, ní ọjà àwọn oníwèé, ó ra ìwé kékeré kan tí al-Farabi kọ, ní dirham mẹ́ta péré. Ìwé dirham mẹ́ta yìí ni ó tú ohun tí ìgbà ogójì kò tú fún un.

Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí wọ́n pè é láti tọ́jú Nuh ọmọ Mansur, ọba àwọn Samanid. Ara ọba yá. Àǹfààní tí ó rí gbà níbẹ̀ ni pé wọ́n ṣí ilé ìkówèésí ọba sílẹ̀ fún un, ó sì kà á tọ̀sán tòru.

Amọ̀ etí odò

Odò ńlá kan wà ní agbègbè ilé wọn tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Jayhun. Ní etí rẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń bu amọ̀ kan láti fi fọ irun orí. Ibn Sina rí amọ̀ yìí nígbà tí ó wà ní kékeré. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 23 ó tún rí i, amọ̀ náà sì ti di òkúta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le púpọ̀. Ẹlòmíràn ìbá kọjá lára rẹ̀. Òun kò kọjá. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ohun rírọ̀ lè di líle láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó sì pa á mọ́ sínú, títí ó fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé tí a kọ ní ibi ìsápamọ́

Ìjọba àwọn Samanid wó ní ọdún 999, bàbá Ibn Sina náà sì kú. Láti ìgbà náà ni ó ti di alárìnkiri. Ó lọ sí Gurganj ní ilẹ̀ Khwarazm, ó dé Jurjan, níbi tí al-Juzjani ti di ọmọ kéú rẹ̀ tí kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ó gba Rayy kọjá, ó sì dé Hamadan. Níbẹ̀ ni ọba Shams al-Dawla ti fi í ṣe wàsírì. Àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ sí i, wọ́n kó ilé rẹ̀, wọ́n sì ní kí ọba pa á. Ọba kọ̀, ṣùgbọ́n ó lé e kúrò lórí oyè. Ogójì ọjọ́ ni ó fi pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ kan, kí inú rírun ọba tó tún dé, tí wọ́n sì wá a kiri láti bẹ̀ ẹ́.

Al-Juzjani ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ ìwé tí yóò kó gbogbo ìmọ̀ ọgbọ́n jọ. Ìwé náà ni al-Shifa. Nígbà tí Shams al-Dawla kú ní 1021, Ibn Sina tún sá pamọ́, lọ́tẹ̀ yìí sílé Abu Ghalib tí ń ta egbòogi. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ó kọ orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti inú ọpọlọ rẹ̀, ó sì ń kọ àádọ́ta ojú ìwé lójúmọ́. Báyìí ni ó ṣe kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú apá tí ó dá lórí ìṣẹ̀dá. Wọ́n rí i mú lẹ́yìn náà, wọ́n sì tì í mọ́ ilé olódi Fardajan fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí ó bọ́, ó wọ aṣọ àwọn Sufi, ó sì yọ́ kúrò ní Hamadan lọ sí Isfahan, níbi tí ó ti parí iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó sọ nípa òkúta

Nínú al-Shifa, Ibn Sina sọ pé ọ̀nà méjì pàtàkì ni òkè ń gbà wáyé. Ọ̀kan ni pé kí ìmìtìtì ilẹ̀ gbé ilẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni pé kí omi àti afẹ́fẹ́ máa jẹ ibi tí ó rọ̀, kí ibi tí ó le sì dá dúró. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn òkè kan rí bí ohun tí a tò ní ìpele lórí ìpele, ó sì rò ó pé ìsàlẹ̀ òkun ni ilẹ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀, pé amọ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan dà sílẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀, kí ó tó di òkúta. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìkarahun ẹran omi tí a ń rí nínú òkúta náà.

Nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ ẹranko àti igi tí wọ́n ní ó di òkúta, ẹ wo bí ó ṣe sọ̀rọ̀. Kò búra pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì pè é ní irọ́. Ó ní bí ìròyìn náà bá jẹ́ òtítọ́, ohun tí yóò fà á ni agbára kan nínú ilẹ̀ tí ń sọ nǹkan di òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ hádíìsì, ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ó ya ohun tí ó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún un, ó sì ya méjèèjì kúrò lára ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò. Amọ̀ Jayhun, ó rí i. Ẹranko tó di òkúta, ó gbọ́ ọ. Agbára inú ilẹ̀, ó rò ó ni.

Al-Biruni, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ̀wé bá ara wọn jiyàn, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó parí ní 1025 pé òkun ni aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá nígbà kan, nítorí pé àwọn tí ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ máa ń bá òkúta tí ìkarahun wà nínú rẹ̀ pàdé.

Bí eegun ṣe ń di òkúta

Ìmọ̀ òní ti fi hàn pé ìròyìn tí Ibn Sina gbọ́ jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára òjijì ni ó ń ṣe é. Bí màlúù bá kú sínú pápá láàrin Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, igún àti ajá yóò jẹ ẹran rẹ̀, oòrùn àti òjò yóò fọ́ eegun rẹ̀, iná ọ̀gbẹlẹ̀ yóò sì jó ìyókù. Bí ó ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá kú sínú adágún tàbí ìsàlẹ̀ òkun, tí ẹrẹ̀ sì tètè bò ó, ẹran ara rẹ̀ yóò jẹrà, eegun, eyín àti ìkarahun yóò sì kù. Omi tí ń rìn nínú ilẹ̀ ní èròjà òkúta tí ó yọ́ sínú rẹ̀, bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Omi yìí yóò wọ inú ihò wẹ́wẹ́ tí ó wà lára eegun, yóò máa fi èròjà náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí eegun yóò fi di òkúta tí ó ṣì ní àwòrán eegun. Nígbà mìíràn, ìkarahun a yọ́ dànù pátápátá, èròjà mìíràn a sì kún àyè rẹ̀, bí idẹ ṣe ń gba ipò ìda lọ́wọ́ àwọn tí ń rọ ère. Ẹrẹ̀ tuntun yóò máa dà lé e, ìwúwo rẹ̀ yóò sì tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ di òkúta. Ohun tí ó bá jáde nígbà tí ilẹ̀ bá gbé sókè, tí òjò sì jẹ ẹ́, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní fọ́sìlì.

Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà, eyín yóò sọ oúnjẹ tí ẹran ń jẹ fún un, ìkarahun yóò sọ bóyá omi òkun ni tàbí omi odò. Ìpele ìsàlẹ̀ ni ó máa ń dàgbà jù, àyàfi bí ohun kan bá dojú rẹ̀ dé.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́?

Ẹni tí ó bá gun Òkè Àṣàbàrí ní Ṣakí tàbí òkè Àdó-Àwáyè láti wá fọ́sìlì, òfo ni yóò bọ̀. Òkúta Òkè-Ògùn ti pẹ́ gidigidi, ó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn ni ó sì ti wá, níbi tí iná àti ìwúwo ti sè é. Òkúta mábù tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì, irú òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni kí ooru tó yí i padà.

Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, a ó bá akàn àti ìgbín inú òkun nínú òkúta náà. Ó ti tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún tí omi òkun ti bo ibẹ̀. Ní 1920, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Andrews kọ̀wé nípa eegun irú àbùùbùtán àtijọ́ kan tí wọ́n wú ní Àmékì, ní ilẹ̀ Ìbò. Ní aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí yanrìn nìkan wà lónìí, wọ́n ti wú eegun ọ̀nì ńlá kan tí ó gbé nínú odò ní bí 110 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo òkúta tí ó bá jọ ẹlẹ́mìí ni ó fi ìgbà kan jẹ́ ẹlẹ́mìí. Ní Èsìẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún wà níbẹ̀, ìtàn ìlú sì ní àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn. Ọ̀nà Ibn Sina ni a ó fi mọ ìyàtọ̀: kí a gbọ́ ìtàn, kí a sì tún wo òkúta.

Orúkọ rẹ̀ sọnù lára iṣẹ́ rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1200, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Alfred túmọ̀ apá òkúta yìí sí èdè Látìnì. Wọ́n so ó mọ́ ìwé Aristotle, fún ìgbà pípẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Aristotle ni ó kọ ọ́. Ọdún 1669 ni Steno, ọmọ Denmark, tó kọ òfin ìpele òkúta sílẹ̀. Ibn Sina ti kú láti bí 630 ọdún kí ó tó kọ ọ́.

A kò fi pamọ́ fún yín pé àwọn àáfà ńlá bá Ibn Sina jà lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Imam al-Ghazali dá a lẹ́bi lórí ohun tí ó sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ayé, ìmọ̀ Ọlọ́run àti àjíǹde ara. Ẹ̀bi náà wúwo, a kò sì gbà á lérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, al-Ghazali kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ẹ̀sìn tako ohun tí ìṣirò ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, bí ọ̀sán ṣe ń ṣú nígbà tí òṣùpá bá bo oòrùn, ẹ̀sìn ni ó ń ṣe ní ibi. Al-Ghazali kò da gbogbo àgbọ̀n nù nítorí èso mẹ́ta tí ó rà nínú rẹ̀.

Ikú rẹ̀

Inú rírun tí ó ti wò sàn fún ọba ni ó mú òun náà. Àwọn òpìtàn sọ pé nígbà tí ó rí i pé òògùn kò ràn án mọ́, ó tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó tú àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, ó pín owó fún àwọn aláìní, ó sì ń ka Àlùkùránì tán ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Hamadan ni ó kú sí ní oṣù Ramadan ọdún 428, tí í ṣe 1037, ó jẹ́ ẹni ọdún 57. Ibẹ̀ ni sàréè rẹ̀ wà títí di òní.

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa, ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta wà ní yunifásítì Ìbàdàn, kò sì sí àáfà kan tí ó lè fi Àlùkùránì dí yín lọ́nà ibẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ, kí ó mú ìwà ọmọ Afshana yìí lọ: kí ó wò dáadáa, kí ó má sì pe ohun tí ó gbọ́ ní ohun tí ó rí. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní. Àmín.