James Johnson: Bíṣọ́ọ̀bù tó gbógun ti ọtí jíìnì nílẹ̀ Yorùbá

Bí wọ́n bá ń ṣe ìdána ní Ara, nítòsí Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣòro láti rí ìgò ṣìnáàpù láàrin ẹrù ìyàwó. Ọ̀pọ̀ ló ti gbà pé ara àṣà Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n àlùfáà kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá irú ọtí yìí jà: James Johnson, tí wọ́n ń pè ní Johnson Mímọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1836 ni wọ́n bí i ní Sàró. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ó sì dé Èkó ní 1874. Ní 1880, ó di olùṣọ́ ìjọ St. Paul's, Breadfruit.

Nígbà náà, jíìnì ń ya wọ Èkó láti Hamburg àti Rotterdam nínú ìgò onígun mẹ́rin, méjìlá nínú àpótí kan. Ọtí tí wọ́n fi ọkà tàbí ọ̀dùnkún òyìnbó pọn ni, tí wọ́n fi èso júnípà sí kí ó lè ta sánsán. Lásìkò kan náà, àwọn olùtajà ọtí ní Amẹ́ríkà ń po jíìnì mọ́ vermouth, ìyẹn wáìnì tí wọ́n fi ewé àti egbò sí. Wọ́n á fi yìnyín rò ó, wọ́n á sẹ́ ẹ sínú ife, wọ́n pè é ní martini. Fáàjì ni tiwọn. Nílẹ̀ Yorùbá, jíìnì ti dà bí owó tí wọ́n fi ń gba epo pupa àti èkùrọ́.

Johnson gbà pé ọtí náà ń ba ènìyàn àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́. Ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó láti 1886 títí di 1894, ṣùgbọ́n orí owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọtí ni ìjọba gbójú lé jù. Ìjọba kò ṣetán láti da iyanrìn sí gààrí ara rẹ̀.

Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Ní 1907, ọkọ̀ ojú irin gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo, ọjà òyìnbó sì ń wọ ìgbèríko. Ní 1909, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí òwò ọtí dá àwọn oníṣòwò láre.

Johnson kú ní 1917. Ní 1919, àdéhùn Saint-Germain fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1930, àwọn ènìyàn ti ń fi ẹmu pọn ògógóró, ìjọba sì ń mú wọn, nítorí owó ibodè ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Johnson ti rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn: èrè ni wọ́n ń ṣọ́, kì í ṣe ènìyàn.