Augustus Volney Waller

Augustus Volney Waller (21 oṣù Kejìlá, ọdún 1816 – 18 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1870) jẹ́ oníṣègùn àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí ń gbé iṣẹ́ láàrin ọpọlọ àti àwọn ẹ̀yà ara, nígbà tí a bá gé e. Ahọ́n àkèré ni ó fi ṣe ìwádìí náà. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe irú ìbàjẹ́ iṣan bẹ́ẹ̀ títí di òní: Wallerian degeneration.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Waller nítòsí ìlú Faversham, ní agbègbè Kent, ṣùgbọ́n ìlú Nice, tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé lónìí, ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Paris, ó sì gba oyè dókítà níbẹ̀ ní ọdún 1840. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó gba àṣẹ láti ṣe ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń tọ́jú aláìsàn ní Kensington, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ìwádìí lórí ahọ́n àkèré

Ahọ́n àkèré fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi lè gbà á kọjá. Ènìyàn lè tẹ́ ẹ sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí ó sì máa wo inú rẹ̀ nígbà tí ẹranko náà ṣì wà láàyè. Lára ahọ́n yìí ni Waller ti ṣàkíyèsí, ní ọdún 1846, bí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ń jáde láti inú òpó ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó gé iṣan glossopharyngeal, tí í ṣe iṣan ìtọ́wò, àti hypoglossal, tí ń darí ìgbòkègbodò ahọ́n. Ó fi iṣan ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ láìgé, kí ó lè fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wéra. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn fọ́nrán tí ó ti já kúrò lọ́dọ̀ ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í dì, wọ́n sì já sí wẹ́wẹ́. Èyí tí ó ṣì so mọ́ ọpọlọ kò bàjẹ́. Ẹgbẹ́ Royal Society tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1850, wọ́n sì gbà á wọ ẹgbẹ́ ní ọdún 1851.

Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Waller ti rí i pé inú sẹ́ẹ̀lì ni oúnjẹ fọ́nrán ti ń wá. Bí a bá gé fọ́nrán kúrò lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, yóò kú bí ẹ̀ka tí a gé kúrò lára igi.

Ìpadàbọ̀ ìtọ́wò

Waller gbà pé fọ́nrán tí ó ti kú kì í jí mọ́. Fọ́nrán tuntun ni ó ń hù. Àwọn onímọ̀ kan takò ó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Santiago Ramón y Cajal, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láti ara kùkùté tí ó ṣẹ́kù ni fọ́nrán tuntun ti ń jáde.

Èyí ni ó jẹ́ kí ó yé wa ìdí tí ìtọ́wò kì í fi í tètè padà. Iṣan tí ń gbé ìtọ́wò láti iwájú ahọ́n lè fara pa nígbà tí a bá ń yọ erìgì ìkẹyìn ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Bí ó bá gé, àwọn ẹ̀yà ìtọ́wò kéékèèké orí ahọ́n yóò rọ, nítorí iṣan ni ó ń gbé wọn ró. Fọ́nrán tuntun ń hù ní nǹkan bí mìlímítà kan lóòjọ́, nítorí náà ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ó bá dé ahọ́n, àwọn ẹ̀yà náà yóò tún hù. Bí àlàfo ibi tí a gé bá pọ̀ jù, ó lè má dé ibẹ̀ rárá.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ní ọdún 1851, Waller kó lọ sí Bonn, ní Jámánì, níbi tí òun àti Julius Budge ti ṣèwádìí lórí iṣan tí ń darí ẹyinjú. Ní ọdún 1856 ó lọ sí Paris, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúró fún nǹkan bí ọdún méjì. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Queen's College, Birmingham, ní ọdún 1858. Àìsàn ọkàn kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gba Royal Medal ní ọdún 1860. Geneva, ní Switzerland, ni ó kú sí.

Ọmọ rẹ̀, Augustus Désiré Waller, ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gba àkọsílẹ̀ iná mànàmáná inú ọkàn ènìyàn láti ìta ara, ní ọdún 1887.