Mary Mallon: Alásè tí ara rẹ̀ le, tí oúnjẹ rẹ̀ ń dá ènìyàn wó

Ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1869 ni wọ́n bí Mary Mallon ní ìlú Cookstown, lórílẹ̀-èdè Ireland. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dùn nídìí oúnjẹ, kò sì pẹ́ tó fi di alásè àwọn olówó New York. Ṣùgbọ́n adùn ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni ayé fi ń rántí rẹ̀. Typhoid Mary ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Mary oníbà táífọ́ìdì.

Lọ́dún 1906, ìdílé olówó kan gba ilé ìsinmi ní Oyster Bay, nítòsí New York. Nínú ènìyàn 11 tó wà nínú ilé náà, 6 ni táífọ́ìdì dá wó. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn, nítorí àrùn ibi ìdọ̀tí ni wọ́n ka ibà náà sí. Onílé bẹ George Soper, onímọ̀ nípa ìmọ́tótó, lọ́wẹ̀ láti wá ìdí ọ̀rọ̀. Ó yẹ omi wò, ó yẹ ilé ìgbẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: Soper gbọ́ pé alásè tuntun kan dé sílé náà kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lọ. Nígbà tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé nínú ìdílé 8 tó ti sè fún, ibà náà ti wọ 7. Ènìyàn 22 ló ṣàìsàn, ọ̀kan sì kú. Iná ń pa kòkòrò náà nínú oúnjẹ gbígbóná, ṣùgbọ́n áìsìkirìímù tí Mary máa ń gé èso tútù sí kò rí iná rárá.

Ní oṣù kẹta ọdún 1907, Soper lọ bá a, ó ní kó fún òun ní ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Mary fi fọ́ọ̀kì ńlá lé e jáde. Ara rẹ̀ le, ó sì ní ibà náà kò ṣe òun rí. Dókítà Sara Josephine Baker pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá ló wá gbé e tipátipá. Wọ́n fi í sí erékùṣù North Brother. Nínú ìgbà 163 tí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò níbẹ̀, wọ́n rí kòkòrò náà nígbà 120. Wọ́n fẹ́ yọ àpò òróòro rẹ̀, níbi tí wọ́n rò pé kòkòrò náà fi ṣe ilé, ó kọ̀.

Lọ́dún 1909 ó pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kò dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1910 wọ́n tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tó ṣèlérí pé òun kò ní í sè fún ẹnikẹ́ni mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ kò mú owó tó ti oúnjẹ wá. Mary yí orúkọ padà sí Brown, ó sì padà sídìí ààrò. Lọ́dún 1915, táífọ́ìdì bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn obìnrin tó ti ń sè: ènìyàn 25 ṣàìsàn, 2 kú. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 1938. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn tí ìjọba mọ̀ pé wọ́n ru kòkòrò náà ń rìn fàlàlà nígboro.

Ọdún tó kú gan-an ni Craigie àti Yen ní Kánádà fi fáírọ́ọ̀sì tó ń pa kòkòrò táífọ́ìdì ya ìran rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó fi ṣeé ṣe láti mọ̀ bóyá kòkòrò inú ẹnì kan bá ti ara ẹlòmíràn mu. Lọ́dún 1948, wọ́n rí i pé oògùn chloramphenicol kápá ibà náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1972, ìran kan tí oògùn náà kò ràn mọ́ jà ní Mẹ́síkò. Láti ọdún 2016, òmíràn tó borí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú oògùn rẹ̀ ti jà ní Pakistan. Àyẹ̀wò jíìnì fi hàn pé ọ̀dọ̀ kòkòrò inú ìfun mìíràn ló ti rí apá kan agbára rẹ̀ gbà.

Níbi tí oògùn bá ti ń kùnà, ọwọ́ alásè tún di ẹnu ọ̀nà àrùn bíi ti ayé Mary. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni ìlẹ̀kùn rẹ̀.