Ọdún Mẹ́wàá Péré: Ìtàn Ayé Àyìnlá Ọmọwúrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ká kú ní kékeré, ká fi ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe ìrànà, ó sàn ju ká dàgbà dàgbà ká má ní adìẹ ìrànà lọ. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ òwe yìí, Alhájì Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe ọmọdé nígbà tí ó kú, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá péré ni ó fi ṣe àwọn àwo orin tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí a sì jọ wò ó bóyá òwe náà bá a mu.

Ọmọ Ayépé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni mí. Ní agbolé wa, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àpàlà, Hárúnà Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ń wí. Bàbá mi àgbà gbà pé lẹ́yìn Hárúnà, kò tún sí olórin mìíràn. Ìyá mi àgbà kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ó ní àwo Àyìnlá mélòó kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Bí bàbá bá ti lọ sí oko, ìyá a gbé àwo sí orí giramafóònù. Báyìí ni ọmọ Ẹ̀gbá ṣe wọ ilé ọmọ Ìjẹ̀bú, láti ibẹ̀ ni èmi náà sì ti mọ ohùn rẹ̀.

Ìtòkò ní Abẹ́òkúta ni a ti bí Wàídì Àyìnlá, ní nǹkan bí ọdún 1933. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, Yusufu Gbogbolówó. Wúràmọ́tù Mọ́rẹ́nikẹ́ ni ìyá rẹ̀, láti ara orúkọ ìyá yìí ni wọ́n sì ti ń pè é ní Ọmọwúrà. Kò lọ sí ilé ìwé. Ó kọ́kọ́ bá bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ nídìí ẹwìrì, lẹ́yìn náà ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kiri: ó ṣe alápatà, ó ṣe káfíńtà, ó ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀, ó sì wa ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ọdún wọ̀nyẹn ṣòfò. Lójú tèmi, ilé ìwé rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó ti pe èrò sí ọkọ̀, tí ó ti dúró nídìí ẹran lọ́jà, ti gbọ́ èébú, àwàdà àti ìpolówó tí ó tó kọ orin títí ayé.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ EMI gbà á wọlé ní ọdún 1970, ó ti tó ẹni ọdún 37. Ẹ rántí pé pápá àpàlà kò ṣófo nígbà náà. Ọdún 1948 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá ti ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó fi kí Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní 1969, òun àti I. K. Dáíró ti jọ dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀. Kí ni ó kù tí kọ̀ndọ́kítọ̀ kan láti Ìtòkò fẹ́ wá ṣe?

Ohun tí ó kù ni ìgboro. Orin Hárúnà a máa rọra rìn bí àgbà tí ó wọ agbádá. Agídìgbo a máa dún lábẹ́ rẹ̀, òwe a tẹ̀ lé òwe, a sì máa yin ọlọ́lá ní ẹsẹ̀ ìlé. Ìlù Àyìnlá ní tirẹ̀ yára, ó sì gbóná. Adéwọlé Aláó Oníluọlá ni àgbà onílù rẹ̀, ìlù ọkùnrin náà sì ń bá olórin sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ ń takùrọ̀sọ. Ohùn Àyìnlá há, ó sì mú. Èdè tí àwọn awakọ̀, alápatà àti ìyálọ́jà ń sọ ni ó fi ń kọrin. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbọ́ ara wọn nínú àwo rẹ̀, wọ́n sì rà á. Wọ́n fún un ní orúkọ bí Anígilájé àti Eégúnmọ́gàjí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó sọ àpàlà di ìwé ìròyìn fún àwọn tí kò lè kàwé. Ní 1973, nígbà tí ìjọba fẹ́ ka ènìyàn ní Nàìjíríà, Àyìnlá ṣe àwo lórí ìkànìyàn náà. Ìjọba fagi lé èsì ìkànìyàn yẹn ní 1975, ṣùgbọ́n àwo Àyìnlá kò ṣeé fagi lé. Ó wà títí di òní. Ìgbìmọ̀ Údọ̀jí náà tún dé. Ní 1974 ni wọ́n gbé ìmọ̀ràn wọn jáde, ìjọba fi owó kún owó oṣù òṣìṣẹ́, wọ́n san àjẹsílẹ̀, ọjà sì gbówó lérí. Àyìnlá kọ orin nípa owó Údọ̀jí pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe rí létí mẹ̀kúnnù láàárín 1970 sí 1980, kí ó lọ jókòó ti àwọn àwo wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé a fẹ́ràn ènìyàn kí a fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Ẹnu Àyìnlá mú jù nígbà mìíràn. Ó fi orin bá àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ó fi orin bú ọ̀tá, bí ó bá sì ń bá obìnrin wí nínú orin, ẹ̀bi ọkùnrin kì í sábà hàn níbẹ̀. Ó tètè máa ń bínú. Ìbínú yìí gan-an ni ata inú orin rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a yọ ọ́ kúrò, orin náà yóò tẹ́. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé ata kì í mọ ẹni tí ó lọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ọdún 1980, Àyìnlá bá Fàtáì Bayéwùmí pàdé ní ilé ọtí kan ní Àgó-Ìkà, Abẹ́òkúta. Máníjà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọkùnrin yìí. Wọ́n ti túká, ọ̀rọ̀ alùpùpù kan sì wà nílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà. Bayéwùmí fi ife ọtí bíà lù ú lórí, Àyìnlá sì kú. Ẹni ọdún bíi 47 ni. Ilé ẹjọ́ dá Bayéwùmí lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì yẹgi fún un. Ẹ̀mí méjì ṣòfò nítorí alùpùpù kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí òwe wa. Àyìnlá rí ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe ìrànà, kò sí àníàní. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ṣe àwo bíi 20. Àwọn olórin fújì ṣì ń kọ orin rẹ̀ títí di òní. Ní 2020, Festus Adedayo kọ ìwé ńlá nípa ayé rẹ̀. Ní 2021, Túndé Kèlání gbé fíìmù rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, n kò gbà pé ikú rẹ̀ sàn ju ọjọ́ ogbó lọ. Hárúnà Ìṣọ̀lá kú ní 1983 ní ẹni ọdún 64, òun náà rí ẹṣin, ó sì rí adìẹ. Bí Àyìnlá bá rí irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, ìbò 1983 yóò bá a láyé, SAP 1986 yóò bá a láyé. Ta ni ó kọrin àwọn nǹkan wọ̀nyẹn fún mẹ̀kúnnù bí òun ì bá ti kọ ọ́? Ife ọtí kan ni ó gba orin wọ̀nyẹn lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ìmú ẹnu lára Àyìnlá, kí a má kọ́ ìbínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì lọ sílé ní ìsinmi, ẹ bi àwọn ìyá wa àgbà léèrè ohun tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn. Àwọn àwo náà ń gbó, wọ́n sì ń sán. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí wọn, kí a kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀, kí ọwọ́ tó bọ́. Ọlọ́run yóò tẹ́ ọmọ Wúrà sí afẹ́fẹ́ rere.