Ashoka: Ọba tó kábàámọ̀ ogun tó ṣẹ́

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọba tó ṣẹ́gun máa ṣọ̀fọ̀ àwọn tó ṣẹ́gun. Ọ̀kan nínú irú ọba bẹ́ẹ̀ ni Ashoka, tó jọba nílẹ̀ Íńdíà ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn.

Inú ìdílé Maurya ni wọ́n bí i sí. Chandragupta, bàbá bàbá rẹ̀, ló gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ọba Nanda nígbà tó ku nǹkan bí ọdún 321 kí wọ́n bí Jésù. Pataliputra, ìlú tí à ń pè ní Patna lónìí, ni olú-ìlú wọn. Bindusara ló jẹ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló kan Ashoka. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbé ìjọba wọn ró: àgbẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ nínú irè oko, oníṣòwò sì ń ná owó fàdákà.

Nígbà tí Ashoka pé ọdún mẹ́jọ lórí oyè, ó kógun ja Kalinga, ní agbègbè Odisha ti òde òní. Àkọsílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ sára àpáta sọ pé 100,000 èèyàn ni wọ́n pa, wọ́n sì kó 150,000 kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ó sì jẹ́wọ́ ìkábàámọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Ó túbọ̀ fara mọ́ ẹ̀kọ́ Buddha, ó gbin igi ìbòòji sẹ́bàá ọ̀nà, ó gbẹ́ kànga, ó pèsè ìtọ́jú fún èèyàn àti ẹranko, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹlẹ́sìn kan má ṣe pẹ̀gàn ẹ̀sìn ẹlòmíràn.

Àmọ́ omi tó ti dànù kò ṣe é kó. Ashoka kò dá Kalinga padà fún àwọn onílẹ̀. Kódà, ìjẹ́wọ́ náà kò sí lára àwọn àpáta tó gbẹ́ ní Kalinga. Ìkìlọ̀ fún àwọn ìjòyè pé kí wọ́n má fìyà jẹ aráàlú láìṣẹ̀ ló fi rọ́pò rẹ̀.

Ashoka wàjà nígbà tó ku nǹkan bí ọdún 232 kí wọ́n bí Jésù. Kò tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí balógun Pushyamitra pa Brihadratha, ọba tó kẹ́yìn nínú ìdílé Maurya. Ọjọ́ sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè ka àwọn àkọsílẹ̀ náà, títí James Prinsep, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi rí ojútùú wọn ní 1837. Láti 1950, ère kìnnìún orí òpó Ashoka ní Sarnath ni àmì ìjọba Íńdíà.