Emily Roebling: Obìnrin tó dúró ti iṣẹ́ afárá Brooklyn nígbà tí àìsàn dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀

Ìlú Cold Spring ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bí Emily Warren lọ́dún 1843. Nígbà tó fẹ́ Washington Roebling lọ́dún 1865, inú ìdílé àwọn tó ń fi okùn irin gbé afárá ró ló wọ̀. Baba ọkọ rẹ̀, John Roebling, ló ya àwòrán afárá tí yóò so Brooklyn pọ̀ mọ́ Manhattan lórí East River. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá tí ọkọ̀ ojú omi kan fi fún baba náà lẹ́sẹ̀ mọ́ èbúté lọ́dún 1869. Tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ti ojú egbò náà wọlé ló pa á, Washington sì gba iṣẹ́ náà.

Ìsàlẹ̀ odò ni ìnira wà. Wọ́n kan àpótí onígi ràgàjì kan, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ nísàlẹ̀ odò, wọ́n sì ń ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí omi má baà wọlé, káwọn òṣìṣẹ́ lè máa gbẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yára jáde sókè, ìrora a dì í mú ní gbogbo oríkèé. Àìsàn náà rọ àwọn kan lápá lẹ́sẹ̀, ó sì pa àwọn mìíràn. Lọ́dún 1872, ó mú Washington fúnra rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ló ti ń fi awò wo iṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Ẹnu Emily làwọn òṣìṣẹ́ ti wá ń gbọ́ àṣẹ. Kì í ṣe ìránṣẹ́ lásán o: ó kọ́ ìṣirò, ó kọ́ bí irin ṣe ń gbé ẹrù, débi pé àwọn kan rò pé òun gan-an ni ọ̀gá iṣẹ́. Lọ́dún 1878, àṣírí tú pé agbaṣẹ́ṣe tó ń kó wáyà wá ti ń fi èyí tí kò dára rọ́pò èyí tó dára. Èyí tí wọ́n ti so kò ṣeé tú mọ́. Ohun tó kó wọn yọ ni pé Washington ti ṣètò kí okùn náà lágbára ju ohun tí afárá nílò lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Wọ́n kàn fi wáyà kún un ni.

Lọ́dún 1882, àwọn aláṣẹ kan fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Washington. Emily gbèjà rẹ̀, ìbò sì gbè é.

Kí wọ́n tó ṣí afárá náà ní May 24, 1883, Emily ló kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gba orí rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú àkùkọ lórí itan rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìṣẹ́gun. Owó tó bá a lọ, pẹ̀lú ti ilẹ̀, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ó kéré tán, èèyàn 20 ló kú sídìí rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìṣirò owó kankan.

Emily kú lọ́dún 1903. Ọdún 1951 ni wọ́n tó fi àwo idẹ tó ní orúkọ rẹ̀ sára òpó afárá náà.